Ẹja epìyà lórí ògiri: ohun tí ojú mi rí níbi tí àwọn ọmọdé ti ń dúró de abẹ́rẹ́

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi sínú gbogbo wàhálà ẹja orí ògiri ilé ìwòsàn yìí, kí n tètè sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni nígbà yẹn, ó ṣubú lé páànù, ẹsẹ̀ ẹ̀ ya, wọ́n rán an, wọ́n wá ní ká máa gbé e wá lọ́jọ́ méjì méjì kí wọ́n lè máa wẹ ojú ọgbẹ́ náà. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni níbí l'Ájàṣẹ́, Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí. Ọjọ́ kìíní kò mọ nǹkan kan, eré ló ń ṣe. Ọjọ́ kejì, bí zẹ́mì (ọ̀kadà) tó gbé wa ṣe yà kúrò lójú títì báyìí, ó ti gán mi láṣọ. Nígbà tó máa fi di ìgbà kẹrin, àtilé ló ti ń sunkún bọ̀, kí ìyá ẹ̀ tó wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ rárá.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé wíwẹ ọgbẹ́ yẹn ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n á tú báńdéèjì, wọ́n á nù ún, wọ́n á dì í padà, ó parí. Ṣùgbọ́n a ti jókòó wákàtí méjì ká tó débẹ̀. Wákàtí méjì gbáko tí ọmọ ń wo ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Mo wá ń rò ó pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́kún jù, ìdúró ni.

Kí ẹ lè rí ibẹ̀ bí mo ṣe rí i: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan ni, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ bíríkì oníhò kí atẹ́gùn lè máa wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ògiri tí wọ́n kùn ní búlúù dé àárín, funfun lókè. Bẹ́ǹṣì oní-sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Pósítà kan wà tí wọ́n ya ẹ̀fọn sí, ẹ̀fọn ọ̀hún tóbi tó adìyẹ, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó báyìí, òun sì ni àwòrán kan ṣoṣo tí ọmọdé lè rí wò níbẹ̀. Ẹ dákun, ta ló rò ó? Ọmọ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lẹ wá gbé ẹnu ẹ̀fọn sí níwájú! Yàrá abẹ́rẹ́ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò sì pa dáadáa. Ọjọ́ àjẹsára ló burú jù, èrò á ya lu ibẹ̀, àti pé láti April 2024 tí Benin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti gba á lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ọmọ tó ti ń rìn, tó ti mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń jẹ́, náà tún ń padà wá. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, igbe ọmọ kan á tú jáde, méjì níta á gbà á, kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbiná. Ẹkún ọmọdé ń ràn bí iná ọyẹ́ ni.

Èmi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì ń ṣe àwòrán tó ń rìn fún àwọn tó fẹ́ polówó ọjà, ìdí ọjà Ouando ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí ò wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnì kan ti ronú kan ọ̀rọ̀ ìdúró yìí rí. Wọ́n ti ronú kàn án o. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Great Ormond Street ní London, ní 2012, Jason Bruges Studio ṣe igbó kan sára ògiri ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Iná LED wínníwínní 72,000 ni wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán igi, nínú páńẹ́ẹ̀lì 70, tí ọmọ bá ń kọjá, ẹṣin á yọjú láàárín igi, àgbọ̀nrín á yọjú, ẹyẹ, àkèré, wọ́n á máa bá a rìn lọ. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé páńẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ò wà ní gíga kan náà, wọ́n tò ó ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ojú ọmọ lè wà, yálà ó ń fẹsẹ̀ rìn ni o tàbí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Toronto ní Kánádà náà, ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Holland Bloorview, ilẹ̀ yàrá ìdúró wọn ló mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí òun, àwòrán iwájú á sì máa yí padà bí ọmọ ṣe ń rìn tàbí bí ó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ arọ ẹ̀. Kò sí pé à ń fọwọ́ kàn nǹkan kan, tí àìsàn á fi ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí tòmíràn.

Mo tún rí i pé ní 2016, àwọn dókítà láti Lyon ní Faransé sọ pé àwọn fi tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń ṣe géèmù, wé oògùn midazolam tí wọ́n fi ń pa ara ọmọ rọ̀ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá, tábúlẹ́ẹ̀tì náà ò sì kéré sí oògùn. Inú mi dùn, mo ní àṣé kò le. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, kò lò ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ọ̀kan ló di mú, mẹ́fà ń jà sí i, ọ̀kan tí ikun ń ṣàn nímú ẹ̀ fi ahọ́n lá a, tátà tó ń ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sì ní lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí nígbà Kòrónà, kí n jọ̀ọ́ gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Lyon ò burú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gba tiẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni. Tiwa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ọgbọ̀n ọmọ.

Bí mo ṣe wá dé ìdí Kinect nìyẹn. Kámẹ́rà géèmù ni, Microsoft gbé e jáde ní November 2010, wọ́n sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀ láti 2017, torí náà tòkúnbọ̀ ẹ̀ ò wọ́n, mo rí ọ̀kan rà ní Kùtọnu. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń da àmì wínníwínní sí gbogbo yàrá, iná tí ojú èèyàn ò lè rí, ó wá ń fi í mọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i tó. Ó ń rí ọ láìsí pé o fọwọ́ kàn án. Mo yá pírójẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó fi ń háyà fún ìgbéyàwó àti bọ́ọ̀lù (ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ Sátidé), mo sì fi Processing kọ kóòdù ẹ̀, èyí tí Casey Reas àti Ben Fry dá sílẹ̀ ní 2001 fún àwọn ayàwòrán bíi tèmi tí kóòdù ń dẹ́rù bà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wò ó, ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Kìnnìún. Kìnnìún tó ń bú, ìràwọ̀ tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ọmọ bá fò, ìlù, àwọ̀ oríṣìíríṣìí tó ń kọ mànà. Lójú tèmi, inú ọmọ tó dùn ni ọmọ tó ń pariwo. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n ń kọlu ara wọn, ẹnì kan gbá orí mọ́ bẹ́ǹṣì. Àwọn kéékèèké rọ̀ mọ́ ìyá wọn. Ọmọ kan tó lè jẹ́ ọdún kan ààbọ̀ rí ẹnu kìnnìún yẹn báyìí, ó tọ̀ sí ìró ìyá ẹ̀ lára. Tátà pe orúkọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó jáde wá, kò bínú, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù, ó kàn ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa nǹkan yìí.» Mo pa á. Ọmọ tí àyà ẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ ni mo lọ fi ìlù gbọ̀n jìgìjìgì, kí ni mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kejì mo ní kí n ṣe omi. Àjàṣẹ́ la wà, ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ wa níbí, kò sọ́mọ tí kò mọ ẹja. Àmọ́ mo tún ṣìṣe. Mo ya obìnrin kan tó ní ìrù ẹja sínú omi náà, ó rẹwà, èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹ̀. Ìyá kan tó wọ aṣọ ìjọ ẹ̀ wá ní ọmọ òun ò ní wo Mààmí Wọ́tà níbi tóun ti wá gba ìwòsàn. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì í, tó so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́wọ́, ní òótọ́ ni, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, ṣé mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí n tó yà á? Àwọn méjèèjì tí ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí nǹkan kan láyé yìí, wọ́n para pọ̀ lé mi lórí. Mo yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wàhálà tó tún wà nínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ nìyí o. Kinect yẹn mọ bó ṣe ń wá egungun èèyàn, ó ń mọ̀ pé orí rèé, apá rèé, orúnkún rèé, òun ni mo sì gbójú lé. Ẹni mẹ́fà péré ló lè rí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni méjì péré nínú wọn ló sì lè tẹ̀ lé orí dé ẹsẹ̀. Kí ẹ wá ro ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ogún ọmọ wà: méjì ní ẹja, méjìdínlógún ń wòran. Ìjà ni! Àti pé ìyá tó pọn ọmọ, ẹ̀rọ yẹn rí i bí ẹnì kan tó ní orí méjì, ó kàn ń dà rú ni, apá ọmọ á di apá ìyá, ẹja á máa sá sókè sódò. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ò ronú kan ẹni tó pọnmọ, mi ò bá a wí. Mo wá pa ti egungun tì pátápátá. Mo ní kó má wá èèyàn mọ́, kó kàn sọ fún mi ohun tó sún mọ́ ọn ju ògiri lọ. Ohunkóhun tó bá wà níwájú ògiri, ara ni: orí, ọwọ́, ọmọ ẹ̀yìn, ọ̀pá arúgbó. Ìyẹn ló yanjú ẹ̀, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oòrùn náà tún wà níbẹ̀. Láago mẹ́wàá àárọ̀ ẹ̀rọ náà á fọ́jú pátápátá. Mo ti lọ bá ẹni tó tà á fún mi jà ní Kùtọnu, mo ní gbájúẹ̀ ni, ọkùnrin náà kàn ń wò mí. Ìgbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó tún ń ṣiṣẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé irú iná tí ojú ò lè rí tí ẹ̀rọ yẹn ń tàn kún inú oòrùn fọ́fọ́, oòrùn ń gba inú bíríkì oníhò wọlé, ó ń bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo padà lọ bẹ ọkùnrin náà. A wá fi ẹní ta àwọn ihò òkè, a fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ nítorí ooru, a sì gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀. Àwòrán ò tún mọ́lẹ̀ gàràgàrà, ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo inú omi lóòótọ́, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹja náà ò tíì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, ọmọ á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, á ní ó rẹwà, á tún kọjú sí ilẹ̀kùn.

Kétu ni mo ti lọ rí ohun tó kù. A lọ sìnkú ẹnì kan níbẹ̀, mo wá yà sọ́dọ̀ bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi, agbẹ́gilére ni wọ́n, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́. Ẹ mọ̀ pé UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá wọn ní 2008, àmọ́ bàbá kékeré ò fìyẹn ṣe nǹkan kan, wọ́n ní ṣé UNESCO ló máa bá àwọn ra igi ni. Wọ́n ń tún ère kan ṣe lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kan bà lé orí ẹ̀, ejò ká mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n fi awẹ́ rọ́bà táyà kékeré so ọrùn ẹyẹ náà, okùn sì gba inú igi lọ sí ibi tí ọwọ́ ẹni tó gbé e sórí lè kàn án. Tí o bá fa okùn, ẹyẹ á sọ ejò lórí. Mo fà á. Mo tún fà á. Mo ń fà á bí ọmọdé, mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba á lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, «Tó bá ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló máa wò ó?»

Mo ní, «Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ìgbà wo wá ni wọ́n ń fà á?»

Wọ́n ní, «Ìgbà tí wọ́n bá ti gbà pé igi lásán ni.»

Wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn láti Kétu dé Pobè, láti Pobè dé Ìṣàkẹ́tẹ̀, nínú tákísí tí wọ́n kó wa sí bí ẹja gbígbẹ. Tèmi ń mì látàárọ̀ dalẹ́. Ohun tí ń mì fúnra ẹ̀ nígbà gbogbo, kò nílò ọmọ kankan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ohun tí ọmọ ń rí nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀: wọ́n á gbé e, wọ́n á dà á dojú bolẹ̀, wọ́n á di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, wọ́n á gún un, ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀, òun ò lọ́wọ́ sí ọ̀kankan.

Torí náà mo kó gbogbo ẹja pamọ́. Omi ló kù lórí ògiri, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, ewé ojú omi díẹ̀, òjìji àwọn tó wà níwájú ẹ̀, ó tán. Tí o bá sáré, ewé á mì, kò sí nǹkan kan. Tí o bá dúró jẹ́ẹ́, epìyà kan á yọ orí lábẹ́ ewé. Tí o bá tún dúró, á bọ̀ wá síbi òjìji rẹ. Tí o bá mira, ó ti lọ. Tí ó bá pẹ́ tí o ti dúró, èkejì á jáde, akàn kan á rìn kọjá ní ìsàlẹ̀ ní gíga ojú ọmọ tó ń rá. Mo dín eré ẹja náà kù débi pé kó tó la ògiri já, o lè kà dé ogún láìkánjú. Ohùn omi nìkan ló ń dún, kò sì ga ju ohùn tátà lọ.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ rí i. Á tó ọmọ ọdún mẹ́rin, sálúbàtà ẹ̀ ẹyọ kan ti já, wọ́n fi okùn so ó, ìyá ẹ̀ gbé igbá tòmátì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì torí àtọjà ló ti yà wá. Ó ti sunkún débi pé òṣúkè ló kù. Ó sáré kọjá níwájú ògiri, kò rí nǹkan. Ó gbá ògiri náà, pàá, pàá, kò rí nǹkan. Ó ká kò, bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń wo ilẹ̀. Epìyà kan wá yọ. Ó wá díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi ọwọ́ òjìji ẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo ń rí, mo rí i tí ikùn ẹ̀ dúró gbọn-in, kò mí mọ́. Òṣúkè mú un, ẹja sá. Ó bínú sí ara ẹ̀! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún dúró, ẹja tún padà. Nígbà tí àbúrò ẹ̀ fẹ́ já wọ ibẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó di aṣọ ẹ̀ mú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí ní Ègùn, àbúrò náà sì lóṣòó tì í. Láìpẹ́ wọ́n ti di márùn-ún lórí ìlóṣòó, ọmọ Ègùn, ọmọ Yorùbá, ọ̀kan tí Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ fún un, kò sẹ́ni tó nílò kí n ṣàlàyé. Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́ ṣí, igbe tú jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ méjì wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó gba ẹkún náà.

Èémí wọn ni mo wá ń wò láti ọjọ́ yẹn. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ẹja wá, ó di dandan kó mí jẹ́jẹ́, ọmọ tó bá ń mí jẹ́jẹ́, àyà ẹ̀ á rọlẹ̀. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́.

Àwọn ìyá náà wà níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn. Ọmọ ẹ̀yìn ò lè rí ògiri tí ìyá ẹ̀ bá kọjú sí i, ẹ̀yìn ìyá ló ń rí, ohun tó sì ń gbọ́ láti ẹ̀yìn yẹn ló ń gbà gbọ́. Ìyá tó bá ti le koko lórí bẹ́ǹṣì, tó ń yí káànẹ̀ (ìwé) abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ọmọ ti mọ̀. Ìgbà tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí epìyà yẹn, tí wọ́n ń bú u pé ó sanra tó ẹni tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn náà dákẹ́, àwọn tí ò tiẹ̀ rí nǹkan kan. Mo rò pé ìdajì iṣẹ́ náà, àwọn ìyá ló ṣe é, mo kàn fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni.

Àmọ́ ẹ dúró, ẹ má tíì yìn mí. Tátà pe orúkọ ọmọkùnrin oní-sálúbàtà okùn yẹn. Ìyá ẹ̀ fa á lọ́wọ́. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Kó tó rí ẹja, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń bẹ̀rù. Ní báyìí wọ́n tún gba ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ọ̀tun ọ̀tun ni ẹkún náà, gbogbo òṣúkè tó ti rọlẹ̀ tún gbérí, àwọn mẹ́rin tó kù sì rí i. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ jókòó níta lábẹ́ igi.

Tátà ló wá bá mi nígbà tí iṣẹ́ rọlẹ̀. Wọ́n ní, «O fún wọn ní nǹkan ìta. Fún wọn ní èyí tí wọ́n á mú wọlé.»

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ohun tó sì kéré jù nínú gbogbo ẹ̀ ni. Mo ra bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tó ń dún tín-ín-tìn, mo yọ ohùn ẹ̀ kúrò, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo kàn án mọ́ férémù ilẹ̀kùn yàrá abẹ́rẹ́. Tí tátà bá fẹ́ pe ọmọ, á tẹ̀ ẹ́ ná. Ẹja tó bá sún mọ́ ọmọ náà jù á yà kúrò lára àwọn yòókù, á máa lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ògiri sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, á dúró, á wẹ̀yìn. Ọmọ á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó fa á lọ́wọ́. Tátà kọ́kọ́ ní iṣẹ́ òun ti pọ̀ tó, òun ò lè máa tẹ bẹ́ẹ̀lì fún ẹja, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, obìnrin méjì ń dá ọgọ́rin ọmọ lóhùn. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí ọmọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé, wọn ò sọ ọ́ mọ́. Àwọn fúnra wọn ló wá fi èyí tó dáa jù kún un, wọ́n ń fi báírò búlúù ya epìyà kékeré sórí bándéèjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú abẹ́rẹ́, ìlà méjì àti àmì ojú kan, wọ́n á ní òun rèé, ó bá ẹ wọlé, mú un lọ sílé. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń kọ̀ kí wọ́n wẹ apá yẹn.

Wọ́n ṣì ń sunkún nínú yàrá o. Abẹ́rẹ́ á dun ọmọ, kò sí ẹja tó lè ṣe é. Àmọ́ ẹkún ìṣẹ́jú kan ni, kì í ṣe ti wákàtí méjì.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹ̀. Kì í rìn, itan ìyá ẹ̀ ló máa ń wà, ọwọ́ òsì ẹ̀ nìkan ló ń gbé dáadáa. Ká ní mo ṣì ń lo ti egungun yẹn ni, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń dúró jẹ́ẹ́ jù nínú gbogbo wọn, torí náà òun ni ẹja ń wá bá jù. Ó ti tó ẹja márùn-ún nídìí òjìji ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ yòókù wá ń já du ibi tí wọ́n á jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyá ẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún mi, ó kàn ń gbé e wá kí wákàtí ẹ̀ tó pé.

Iná máa ń lọ, mo ní láti sọ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lọ, ògiri di ògiri, gbogbo wọn ké. Mo ń wá owó bátìrì kiri láti ìgbà náà, kò tíì pé. Ìyá oní-tòmátì yẹn ló gbà wá, ó ní kí wọ́n má ké, ẹja ti lọ sùn, ariwo ò dáa. Ó ti di ohun tí gbogbo wa ń sọ báyìí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ nu ojú Kinect torí eruku, mo bá bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá wá, wọ́n ti jókòó láti aago méje. Wọ́n pe orúkọ wọn. Bàbá ò dìde. Nọ́ọ̀sì kékeré tún pè é, ó ní, «Bàbá, ẹ̀yin ló kàn o.»

Bàbá na ọ̀pá sí ògiri. Wọ́n ní, «Mo gbọ́. Tèmi ò tíì dé ni.»

Mo dìde, mo lọ tẹ bẹ́ẹ̀lì náà fún wọn.